Ìyọ̀ǹda Olùkópa àti Àṣẹ Olùwádìí: Àgbéyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìwádìí Ìhùwàsí Ẹ̀dá ní Yale àti Iowa

Àṣamọ̀

Ìwádìí tó dá lórí ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tó dá lórí òkúta tàbí ewéko, nítorí pé ènìyàn ní iyì, ó ń mọ ìrora, ó sì ní ẹnu tí ó lè fi kọ ohun tí kò bá fẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìwádìí méjì tó lókìkí nínú ìtàn ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: ìwádìí lórí ìgbọràn tí Stanley Milgram ṣe ní Yunifásítì Yale láàárín 1961 sí 1962, àti ìwádìí lórí ìkólòlò tí wọ́n fi àwọn ọmọ ilé aláìlóbìí ṣe ní ìpínlẹ̀ Iowa ní 1939. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé èsì ìwádìí Milgram gan-an ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù lọ tó tako ọ̀nà tí ó gbà ṣe é. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ó nira fún ènìyàn láti sọ fún aláṣẹ pé òun kò ṣe, a jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni" tí olùkópa sọ níwájú olùwádìí nìkan kò tó láti pè ní ìyọ̀ǹda. Iṣẹ́ náà fi hàn pé inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan olùkọ́ jù lọ, ó sì dá àbá lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ṣe lè fi ọmọlúàbí ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọmọ iléèwé.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó mọ bí ó ṣe ń dunni tó. Òwe yìí ju ọ̀rọ̀ àánú lọ. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí yóò lo agbára náà lé lórí, kí ó tó na ọwọ́ jáde. Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí dá lé. Olùwádìí ló mọ ìdí tí òun fi ń béèrè ìbéèrè. Òun ló mọ ohun tó fara sin. Òun náà ni yóò gba oyè tàbí ìgbéga nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Olùkópa kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ.

Orúkọ Milgram kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti kọ́ ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, èyí tí wọ́n tún ń pè ní sàíkọ́lọ́jì. Èsì ìwádìí rẹ̀ ni ó sábà máa ń wà lẹ́nu àwọn ènìyàn: pé ẹni jẹ́jẹ́ lè ṣe ẹlòmíràn ní ibi bí aláṣẹ bá ti ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà rí èsì náà ni iṣẹ́ yìí gbájú mọ́, nítorí pé olùkọ́ tó bá kọ́ èsì láìkọ́ ọ̀nà lè lo ọ̀nà náà fún ọmọ ọlọ́mọ láìfura.

"Gbígbà" àti "Ìyọ̀ǹda"

Ọ̀rọ̀ méjì tí èdè Yorùbá yà sọ́tọ̀ ni ìpìlẹ̀ àtúpalẹ̀ yìí. Èkíní ni "gbígbà". Ènìyàn lè gbà nítorí ẹ̀rù, nítorí ìtìjú, tàbí nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláfojúdi. Wọ́n tilẹ̀ lè fipá mú un gbà. Èkejì ni "ìyọ̀ǹda". Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ kan mọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, ó sì mọ̀ pé òun lè fà sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè fi ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú àwo, ẹni tó gbé àwo náà wá kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ìyọ̀ǹda dúró lé: mímọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, òmìnira láti kọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àti òmìnira láti dáwọ́ dúró nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n yìí ni iṣẹ́ yìí yóò fi wọn ìwádìí méjèèjì.

Ìwádìí Ìgbọràn ní Yale

Ní 1961, ìgbẹ́jọ́ Adolf Eichmann ń lọ lọ́wọ́ ní Jerúsálẹ́mù lórí ipa tó kó nínú pípa àwọn Júù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Milgram, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Júù tí wọ́n bí ní New York ní 1933, fẹ́ mọ bí ènìyàn lásán ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi nítorí pé aláṣẹ pa á láṣẹ. Ìbéèrè ńlá ni, kò sì yẹ kí lámèyítọ́ kankan fojú kéré rẹ̀.

Nínú ìròyìn àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1963, ogójì ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 20 sí 50 ló kópa. Wọ́n san dọ́là 4.50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọn ti ni owó náà bí wọ́n ti dé. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé ìwádìí náà dá lórí bí ìjìyà ṣe ń ran ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Olùkópa àti ọkùnrin mìíràn ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò ṣe "olùkọ́" àti ẹni tí yóò ṣe "akẹ́kọ̀ọ́". Ẹ̀tàn ni kèké náà, nítorí pé "olùkọ́" ni wọ́n kọ sára bébà méjèèjì. Ọkùnrin kejì, oníṣirò owó ẹni ọdún 47, ti bá olùwádìí mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ ilé àyẹ̀wò tí ó ń pàṣẹ náà kì í ṣe Milgram. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ báólójì ní iléèwé girama ni, ẹni ọdún 31.

Ẹ̀rọ kan wà níwájú olùkópa tó ní bọ́tìnnì 30, láti orí fólítì 15 títí dé 450. Nígbàkígbà tí "akẹ́kọ̀ọ́" bá ṣì ìdáhùn, olùkópa yóò tẹ bọ́tìnnì tó kàn, ó sì gbà gbọ́ pé iná mànàmáná ń gbé ẹni tó wà ní yàrá kejì. Kò sí iná kankan tó ń gbé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ́ kí iná fólítì 45 gbé olùkópa fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Nígbà tó dé 300, "akẹ́kọ̀ọ́" lu ògiri. Ó tún lù ú ní 315. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Bí olùkópa bá fẹ́ dúró, gbólóhùn mẹ́rin ni aláṣẹ ní láti sọ fún un ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Èkíní jẹ́ ẹ̀bẹ̀ pé kí ó máa bá a lọ. Ẹ̀kẹrin sọ ní ṣàkó pé kò sí ohun mìíràn tí ó lè ṣe ju kí ó tẹ̀ síwájú lọ.

Olùkópa 26 nínú 40 ló tẹ̀ ẹ́ dé 450. Wọn kò fi ìdùnnú ṣe é. Milgram fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n làágùn, wọ́n gbọ̀n, wọ́n ń kólòlò, wọ́n gé ètè ara wọn jẹ. Mẹ́rìnlá nínú wọn ń rẹ́rìn-ín òdì tí kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Gìrì gbé mẹ́ta.

Àríyànjiyàn láàárín Baumrind àti Milgram

Ní 1964, Diana Baumrind kọ àríwísí sí iṣẹ́ yìí nínú jọ́nà American Psychologist. Àwọn olùkọ́ mọ Baumrind dáadáa nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀nà tí òbí ń gbà tọ́ ọmọ. Ó sọ pé ilé àyẹ̀wò jẹ́ ibi àjèjì, pé olùkópa gbára lé olùwádìí níbẹ̀, ó sì fọkàn tán an. Lójú tirẹ̀, ẹni tó lo ìfọkàntán yìí láti kó ìdààmú bá olùkópa ti ṣẹ̀ ẹ́, ó sì lè ba ìgbàgbọ́ tí ẹni náà ní nínú ara rẹ̀ àti nínú àwọn aláṣẹ jẹ́.

Milgram fèsì ní ọdún yẹn kan náà. Ó ní ìdààmú ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ìpalára. Ó ní òun fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn olùkópa lẹ́yìn iṣẹ́, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó dáhùn sì sọ pé inú àwọn dùn pé àwọn kópa. Ó ní dókítà ọpọlọ kan bá ogójì nínú wọn sọ̀rọ̀, kò sì rí àmì ìpalára. Ó tún sọ pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí òun bi léèrè ṣáájú rò pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Kò yẹ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò tó. Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn tí ogójì àkọ́kọ́ ti gbọ̀n tí wọ́n sì làágùn, àìmọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń bá a lọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà títí iye olùkópa fi lé ní 700. Lọ́nà kejì, Gina Perry, tó yẹ àwọn àkọsílẹ̀ Yale wò, fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2012 pé ọ̀pọ̀ olùkópa ni kò gbọ́ òtítọ́ kíkún ní ọjọ́ tí wọ́n kópa. Wọ́n lọ sílé pẹ̀lú èrò pé àwọn ti fi iná gbé ẹnìkan. Lọ́nà kẹta, pé inú ènìyàn dùn lẹ́yìn ọ̀ràn kò sọ ọ̀ràn náà di ohun tó yọ̀ǹda. Ọmọ tí wọ́n nà lè dàgbà tán kí ó dúpẹ́. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà.

Èsì Ìwádìí gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọnú ni pé àwíjàre Milgram àti èsì ìwádìí rẹ̀ kò lè jọ jókòó sórí ìjókòó kan. Àwíjàre náà ni pé àwọn olùkópa fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, owó ti di tiwọn, ilẹ̀kùn kò sì tì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ lè lọ. Èsì ìwádìí ni pé púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn kò lè lọ nígbà tí aláṣẹ bá ní kí wọ́n dúró. Bí èsì náà bá jẹ́ òtítọ́, òmìnira tí wọ́n ní àwọn olùkópa ní kò sí lọ́wọ́ wọn. Bí òmìnira náà bá wà, kí ni ìwádìí náà wá fi hàn? Nínú nǹkan mẹ́ta tí ìyọ̀ǹda dúró lé, ẹ̀tàn mú ìmọ̀ kúrò, gbólóhùn kẹrin sì mú òmìnira láti dáwọ́ dúró kúrò. Ìwọ̀nba ohun tó kù ni pé wọ́n gbà láti wá.

Iṣẹ́ tí Jerry Burger ṣe ní Yunifásítì Santa Clara, tí ó tẹ̀ jáde ní 2009, fi kún ẹ̀rí yìí. Burger dá iṣẹ́ dúró ní fólítì 150, níbi tí olùkópa ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ "akẹ́kọ̀ọ́" pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ó yọ ẹni tí ìdààmú lè pa lára kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ òtítọ́ fún wọn ní kété tí iṣẹ́ parí. Ó sì rí i pé wọ́n sọ fún olùkópa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, pé ó lè fà sẹ́yìn nígbàkígbà kí ó sì mú owó rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí ti Yale, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tàn ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣetán láti tẹ̀ síwájú kọjá 150. Èyí fi hàn pé sísọ fún ènìyàn pé ó lè kọ̀ dára, ṣùgbọ́n sísọ nìkan kò gbé agbára àtikọ̀ lé e lọ́wọ́.

Kí wá ni ó ń gbé agbára náà léni lọ́wọ́? Ìdáhùn kan wà nínú iṣẹ́ Milgram fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ìwádìí náà, ó fi "olùkọ́" méjì mìíràn ti olùkópa, àwọn méjèèjì sì kọ̀ láti bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí olùkópa rí i pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, mẹ́rin péré nínú ogójì ló tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ẹni tó rí ẹni tì í lẹ́yìn ló lè kọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún gbogbo olùwádìí ju iye àwọn tó gbọràn lọ.

Àwọn Ọmọ Aláìlóbìí ní Davenport

Bí àgbàlagbà tó gba owó tí ilẹ̀kùn kò sì tì mọ́ kò bá lè kọ̀, kí ni ti ọmọdé? Ìwádìí tó ti wáyé ní Iowa ní 1939 ṣáájú ti Yale ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Wendell Johnson, onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní Yunifásítì Iowa, gbà pé kì í ṣe ẹnu ọmọ ni ìkólòlò ti ń bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe etí òbí tó ń fi gbogbo ìgbà tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Mary Tudor, ni ó ṣe ìwádìí náà fún oyè, ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní ìlú Davenport. Ọmọ 22 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá ti ń kólòlò tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì já gaara lẹ́nu méjìlá. Wọ́n sọ fún mẹ́fà nínú àwọn méjìlá yìí pé àmì ìkólòlò ti ń hàn lára wọn, pé kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀ bí kò bá ti ní já gaara. Wọ́n tún ní kí àwọn olùkọ́ àti àwọn alágbàtọ́ inú ilé náà máa ṣọ́ wọn lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ tó tún èsì náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà jiyàn pé kò fi hàn pé ọmọ kankan di akólòlò. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, wọn kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ojú sì ń tì wọ́n. Kò sí òbí tí wọn yóò bi léèrè. Ilé tó ń tọ́jú wọn ló fi wọ́n sílẹ̀, àwọn olùkọ́ tó yẹ kó dáàbò bò wọ́n sì di irinṣẹ́ ìwádìí. Wọn kò tilẹ̀ "gbà", áḿbèlètasé kí wọ́n yọ̀ǹda. Iṣẹ́ náà wà nínú yàrá ìkàwé títí ìwé ìròyìn kan fi tú u síta ní 2001. Yunifásítì náà tọrọ àforíjì ní ọdún yẹn. Ní 2007, ìpínlẹ̀ Iowa gbà láti san dọ́là 925,000 fún àwọn tó pè é lẹ́jọ́. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Iowa lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó bá a, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì ti darúgbó.

Òfin àti Àlàfo Rẹ̀

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ti Amẹ́ríkà ṣe ìlànà ìwà wọn àkọ́kọ́ ní 1953, èyí tó fi hàn pé ìlànà wà kí ìwádìí Yale tó wáyé. Lẹ́yìn tí àṣírí tú ní 1972 pé láti 1932 ni wọ́n ti fi àrùn ìbálòpọ̀ kan sílẹ̀ láìtọ́jú lára nǹkan bí 400 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ìwádìí ní 1974. Ìròyìn Belmont ti 1979 sì fi ìpìlẹ̀ mẹ́ta lélẹ̀: bíbọ̀wọ̀ fún ènìyàn, ṣíṣe rere láìpa ènìyàn lára, àti ìdọ́gba nínú pípín ẹrù àti èrè ìwádìí.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ire ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ gba iwájú nínú ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe tó kan ọmọdé. Ní 2007, àkójọ ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwádìí ìlera jáde, ó sì fi ìdí ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ìwà múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ìlera ni èyí dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó mú ìwé ìbéèrè dání wọ kíláàsì kì í rò pé ọ̀rọ̀ ìlera kan òun. Inú àlàfo yìí ni ìwà olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí Olùwádìí

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í já olùkọ́ lẹ́nu. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "bẹ́ẹ̀ ni, mà" sì wà lẹ́nu rẹ̀ kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ tán. Àṣà tó gbayì ni. Ṣùgbọ́n àṣà yìí gan-an ni ó mú kí kíláàsì jọ yàrá Yale. Aláṣẹ wà níbẹ̀, ìjìyà wà níbẹ̀, máàkì sì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá pín ìwé ìbéèrè nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, tí ó ní kí gbogbo ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òbí wọn ń jà nílé tàbí bóyá ebi ń pa wọ́n, ọmọ yóò kọ ọ́. Ó gbà, kò tíì yọ̀ǹda. Bí wọ́n bá tún ka ìdáhùn náà sókè, tàbí bí orúkọ ọmọ bá wà lórí ìwé, ìtìjú tí ọmọ náà yóò gbé lọ sílé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Davenport.

Àwọn kan lè sọ pé bí olùkọ́ bá ń béèrè ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ yóò ya aláfojúdi. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní àṣẹ láti kọ́ ọmọ, nítorí pé ire ọmọ ni ìkọ́ni wà fún. Ìwádìí wà fún oyè olùwádìí àti fún ìmọ̀ gbogbogbòò. Àṣẹ tí òbí fún olùkọ́ lórí èkíní kò bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọmọ tó mọ ìyàtọ̀ yìí yóò bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ sí i ni.

Àbá mẹ́rin ni iṣẹ́ yìí mú wá. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì tún bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Èkejì, kí ẹlòmíràn tí kò ń fún ọmọ ní máàkì jẹ́ ẹni tí yóò bi í léèrè, nítorí ẹni tó rí ẹni tì í lẹ́yìn ló lè kọ̀. Ẹ̀kẹta, kí iṣẹ́ mìíràn tó dára wà nílẹ̀ fún ọmọ tí kò bá fẹ́ kópa, kí kíkọ̀ má baà dà bí ìjìyà. Ẹ̀kẹrin, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò yẹ ìwé ìbéèrè wò kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ, kí olùkọ́ alámòójútó má sì fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò bá kọjá níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi òṣùwọ̀n ìyọ̀ǹda wọn ìwádìí Yale àti ti Iowa. Ó ti fi hàn pé ní Yale, gbígbà wà, ìyọ̀ǹda kò sí. Ní Iowa, gbígbà gan-an kò sí. Ìmọ̀ tí Milgram fi sílẹ̀ wúlò, kò sì sí ìdí láti sọ ọ́ nù. Ọ̀nà tó tọ́ láti lò ó ni kí olùwádìí kọ́kọ́ fi dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: kí ó mọ̀ pé òun ni aláṣẹ tó wọ aṣọ ilé àyẹ̀wò náà, pé bí ẹni tó wà níwájú òun bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ti ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kọ̀. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ báólójì ni ẹni tó ń pàṣẹ ní Yale. Olùkọ́ ni wọ́n ní kí ó máa ṣọ́ ọmọ lẹ́nu ní Davenport. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Olùkọ́ ni àgbà inú kíláàsì, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìbéèrè ni ó mú dání lọ́jọ́ náà.